Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Ṣeé Dí Tán: Bí A Ṣe Ń Mọ Iyì àti Àbùkù Mọ́nítọ̀ Pẹlẹbẹ

 

Kò sí ẹni tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ní Èkó tí kò tíì gbọ́ gbólóhùn yìí rí: “Ọ̀gá, àwọ̀ tí mo rí lórí fóònù kọ́ nìyí.” Oníbàárà ti san owó, káàdì ìgbéyàwó ti jáde, búlúù tí ìyàwó mú ti di àlùkò. Wọ́n á bi ẹni tó ya iṣẹ́, á ní bó ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà òun kọ́ nìyẹn. Wọ́n á bi ẹni tó ń wa ẹ̀rọ, á ní ohun tí wọ́n gbé fún òun lòun tẹ̀. Wọ́n á dá yíǹkì lẹ́bi, wọ́n á dá bébà lẹ́bi. Mọ́nítọ̀ tí gbogbo wọn gbà gbọ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í pè lẹ́jọ́.

Òun ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́ lónìí. Ẹjọ́ náà kò gùn. Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ tí púpọ̀ nínú wa ń lò kì í dá ìmọ́lẹ̀. Iná kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tàn nígbà gbogbo. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa dí iná náà níbi tó bá yẹ. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ibi tí iyì rẹ̀ ti ń wá, á mọ ibi tí àbùkù rẹ̀ ti ń wá, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí kò sì ní lè tàn án jẹ.

Látinú kárọ́ọ̀tì dórí tábìlì

Kí mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ tó dé, èyí tó ní ìdí gbọọrọ la mọ̀, tí èèyàn kan kò lè dá gbé láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀dọ̀ Karl Ferdinand Braun, ọmọ Jámánì, ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá ní 1897. Nínú rẹ̀, ìtànṣán iná máa ń ta lu ẹfun kan tí wọ́n kùn sí inú gíláàsì. Ibi tó bá ta lù á tàn, ibi tí kò bá ta lù á dúdú. Dúdú rẹ̀ dúdú lóòótọ́. Ibi yòówù kí èèyàn jókòó sí, àwọ̀ kan náà ló ń rí. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó gba gbogbo orí tábìlì, ó ń ṣẹ́jú, igun rẹ̀ ń tẹ̀, èyí tó jẹ́ íǹṣì 17 sì lè jẹ iná tó nǹkan bíi 80 wáàtì.

Ìtàn èyí tó gba ipò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ onímọ̀ ewéko kan. Ní 1888, ní ìlú Prague, Friedrich Reinitzer, ọmọ Austria, ń ṣàyẹ̀wò èròjà kan tó fà yọ lára kárọ́ọ̀tì. Ó gbé e kaná. Èròjà náà yọ́ nígbà tí ooru dé 145.5 lórí ìwọ̀n Celsius, àmọ́ ó rú, kò mọ́. Ó di 178.5 kó tó mọ́ gaara. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu, ó kọ̀wé sí Otto Lehmann, onímọ̀ físíìsì ní Jámánì. Lehmann wò ó, ó rí i pé ó ń ṣàn, síbẹ̀ àwọn ègé wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì ń darí ìmọ́lẹ̀. Kírísítálì olómi nìyẹn.

Ọgọ́rin ọdún kọjá kó tó di ohun tí wọ́n ń fi hàn fáráyé. Ní 1968, George Heilmeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà kéde ojú ìfihàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi í ṣe. Ní 1970, Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Hoffmann-La Roche ní Switzerland, béèrè fún ẹ̀tọ́ sí ọgbọ́n lílọ́ kírísítálì po, tí à ń pè ní TN títí dòní. Ní 1973, George Gray àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kírísítálì tí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀ nínú ooru ilé lásán. Aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìṣírò ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, kó tó kan kọ̀ǹpútà alágbèéká, kó tó wá dórí tábìlì wa.

Fèrèsé tí kì í tì tán

Ẹ fojú inú wo yàrá kan tí gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ fèrèsé onígíláàsì ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́, èyí tí a ń pè ní lúfà, tí oòrùn ọ̀sán sì ń ràn níta. Bí ẹ bá ṣí àwo gíláàsì kan, ìmọ́lẹ̀ á wọlé. Bí ẹ bá yí i dé ìdajì, ìmọ́lẹ̀ á dín. Bí ẹ bá tì í pátápátá, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á ṣì máa yọ́ wọlé láti etí rẹ̀. Bí kírísítálì olómi ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Iná mànàmáná ló ń yí i ṣí, òun náà ló ń yí i tì.

Ojú mọ́nítọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1920 × 1080 ní píksẹ́lì 2,073,600. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín sí mẹ́ta: ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà fèrèsé lọ nìyẹn. Kí ìmọ́lẹ̀ tó là wọ́n kọjá dé ojú wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣòfò sọ́nà. Ohun tó ń yọ síta kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí iná ẹ̀yìn ń tàn.

Láti inú iṣẹ́ dídí ìmọ́lẹ̀ yìí ni gbogbo àbùkù rẹ̀ ti ṣàn wá. Nítorí pé fèrèsé kò tì tán, dúdú rẹ̀ kì í ṣe dúdú, eérú tó ṣókùnkùn ni. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ gba inú kírísítálì kọjá, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń rí ohun tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó sí iwájú. Nítorí pé kírísítálì ní láti yí kí àwọ̀ tó yí, àwòrán tó ń sáré máa ń fa ìrù lẹ́yìn. Nítorí pé iná ẹ̀yìn kò lè tàn dọ́gba dé gbogbo igun, etí kan máa ń mọ́ ju èkejì lọ. Nítorí pé iye fèrèsé kò ṣeé dín, kò ṣeé fi kún, àwòrán máa ń ṣe wúruwùru bí a bá fi ìwọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀ sínú rẹ̀.

Iyì rẹ̀ náà kò kéré. Ó fúyẹ́, ó tẹ́, etí rẹ̀ gún régé. Lẹ́tà inú rẹ̀ mú ṣáká bí a bá lo ìwọ̀n tirẹ̀ gan-an. Èyí tó jẹ́ íǹṣì 24 tó ń lo iná LED kì í sábà jẹ ju nǹkan bí 20 wáàtì lọ. Ẹni tó fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ lórí iná inverter mọ ohun tí ìyàtọ̀ 20 sí 80 túmọ̀ sí fún bátìrì rẹ̀.

LCD, LED àti ìdílé tó wà nínú wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà ní Ọ̀tìgbá ní Ìkẹjà, ẹ ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Èyí kì í ṣe LCD o, LED ni.” LCD, ìyẹn ojú kírísítálì olómi, ni àwọn méjèèjì. Iná ẹ̀yìn ló yàtọ̀. Àwọn ti àtijọ́ ń lo ọ̀pá iná tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní mẹ́kúrì nínú. Àwọn ti òde òní ń lo LED funfun, èyí tó ṣeé ṣe nítorí LED búlúù tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. LED dára: ó ń dín owó iná kù, ó sì ń jẹ́ kí mọ́nítọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ irú kírísítálì tó wà níwájú iná náà fún wa, ibẹ̀ gan-an ni iyì àwòrán wà.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni TN tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Owó rẹ̀ kéré, ó yára, àmọ́ bí ẹ bá dìde dúró, àwọ̀ á yí. Bí ẹ bá tẹrí ba wò ó láti ìsàlẹ̀, ó lè ṣókùnkùn títí tí funfun á fi fẹ́ di dúdú. Ẹni tó ń ya àwòrán kò gbọdọ̀ lò ó. Ìkejì ni IPS, tí Hitachi gbé jáde ní Japan ní 1996 láti wo àrùn TN yẹn sàn. Àwọ̀ rẹ̀ dúró láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, àmọ́ ìpín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí òkùnkùn kì í sábà ju 1000:1 lọ, igun rẹ̀ sì máa ń tàn yòò nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ìkẹta ni VA. Òun ló mọ bí a ti ń ti fèrèsé jù, tí ó lè dé 3000:1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ohun dúdú bá ń rìn lójú rẹ̀, ó máa ń fa òjìji, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣá díẹ̀ bí a bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

OLED kì í ṣe ọmọ ìdílé yìí. Ching Tang àti Steven Van Slyke ní ilé iṣẹ́ Kodak ló ṣàlàyé rẹ̀ fáyé ní 1987. Nínú tirẹ̀, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara rẹ̀, nítorí náà dúdú rẹ̀ jẹ́ òkùnkùn gan-an. Fóònù olówó ńlá tí oníbàárà ń nà sí yín, OLED ni ojú púpọ̀ nínú wọn. Àbùkù tirẹ̀ ni pé owó rẹ̀ ga, ohun tó bá sì dúró pẹ́ lójú kan, bí ọ̀pá iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, lè fi àpá sílẹ̀ níbẹ̀ títí ayé. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ to ojú ìwé kan náà ní láti ronú kó tó rà á.

Nọ́ńbà ara páálí

Ọjà ní ẹnu, páálí náà ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò.

“10,000,000:1” ni páálí kan á wí nípa ìpín ìmọ́lẹ̀ sí òkùnkùn. Kírísítálì kankan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wọn funfun nígbà tí iná ẹ̀yìn tàn débi tó lè tàn dé, wọ́n sì wọn dúdú nígbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iná náà. Nínú àwòrán kan ṣoṣo, níbi tí agbádá funfun ti dúró níwájú ògiri dúdú, àwọn méjèèjì kò lè ṣẹlẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ máa wá ni èyí tí wọ́n pè ní ti ìdúró, tí kì í ṣe ti ìyípadà.

“1 ms” ni òmíràn á wí, pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni kírísítálì òun fi ń yí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó di pé kí ẹ fi agbára tì í dé góńgó nínú ètò mọ́nítọ̀ náà kó tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà náà òjìji funfun á máa tẹ̀ lé ohun tó bá ń rìn. Mọ́nítọ̀ tó ń yí àwòrán ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń fi 16.7 ms lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó fún ẹni tó ń to ìwé. Ọmọdé tó ń ta géèmù yóò jàǹfààní ìgbà 144. Ẹni tó ń ya kàlẹ́ńdà kò ní rí nǹkan kan fi í ṣe.

“Mílíọ̀nù 16.7 àwọ̀” fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára gbogbo páálí. Ojú tó ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fi àwọ̀ 16,777,216 hàn. Ṣùgbọ́n ojú olówó pọ́ọ́kú lè ní ìpele 64 péré, àwọ̀ 262,144 nìyẹn. Á wá máa fi ọgbọ́n yí kíákíá láàárín àwọ̀ méjì kí ojú wa lè rò pé òun rí ẹ̀kẹta. Ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ojú ọ̀run tó ń ti inú búlúù lọ sínú funfun ló máa ń tú u fó.

“HDR”, ìlérí pé ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn á jìnnà síra nínú àwòrán kan náà, ni èyí tó gbòde jù. Ẹgbẹ́ VESA gbé ìwé ẹ̀rí DisplayHDR kalẹ̀ ní 2017. Ìpele 400, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò fi dandan lé e pé kí iná ẹ̀yìn lè dín ní apá kan nígbà tí apá kejì ń tàn. Láìsí ìyẹn, fèrèsé tí kò tì tán náà ló ṣì wà níbẹ̀. HDR irú èyí kò yẹ kó fi náírà kan kún owó tí ẹ máa san.

Ìtóbi ojú àti àmì ohùn

Ọ̀pọ̀ ń fi íǹṣì ra mọ́nítọ̀. Íǹṣì nìkan kò tó. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni iye píksẹ́lì tó wà nínú íǹṣì kan. Íǹṣì 24 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1920 × 1080 ní nǹkan bí 92 nínú íǹṣì kan. Bí wọ́n bá na ìwọ̀n kan náà sórí íǹṣì 27, ó dín sí 82 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀: ojú tóbi sí i, lẹ́tà burú sí i. Íǹṣì 27 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2560 × 1440 ní 109. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3840 × 2160 ní 163.

Èdè wa ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹni tó ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lẹ́tà wa ní àmì lórí, ó ní àmì nísàlẹ̀, ó sì máa ń ní méjèèjì pọ̀. Nínú lẹ́tà ìwọ̀n 12, àmì ìsàlẹ̀ ọ lè jẹ́ píksẹ́lì kan tàbí méjì péré. Lórí ojú tó ní 82 nínú íǹṣì, á dà pọ̀ mọ́ lẹ́tà tàbí mọ́ ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ á jọ ara wọn. Ẹni tó ń ṣe àtúnṣe ìwé ìsìnkú á wo orúkọ olóògbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní rí àṣìṣe náà, ẹbí ló máa rí i nígbà tí ìwé bá ti jáde. Kò sí ìdánwò mọ́nítọ̀ tó mú tó ojú ìwé Yorùbá kan tí wọ́n fi àmì sí dáadáa. Bí ẹ bá lè kà á láìfi ojú rọ̀ mọ́ gíláàsì, mọ́nítọ̀ náà yege.

Àwọ̀ tó máa dé orí bébà

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ìyàwó wa tí búlúù rẹ̀ di àlùkò. Mọ́nítọ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa, aláwọ̀ ewé àti búlúù ṣe àwọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi yíǹkì cyan, magenta, yellow àti dúdú ṣe tirẹ̀. Àwọn àwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè dé tí yíǹkì kò lè dé láéláé: búlúù tó ń ta yanran, aláwọ̀ ewé bíi ti ewé tuntun tí oòrùn là kọjá, ọsàn tó ń jó bí iná. Búlúù yẹn ló sábà máa ń di àlùkò. Mọ́nítọ̀ kankan kò lè mú kí yíǹkì ṣe ohun tí kò lè ṣe. Èyí tó dára á kàn sọ òótọ́ fún yín ṣáájú, kí àwo ìtẹ̀wé tó gun orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ìwọ̀n àwọ̀ tí púpọ̀ mọ́nítọ̀ fi ń ṣe òdiwọ̀n ni sRGB, tí HP àti Microsoft jọ gbé kalẹ̀ ní 1996. Mọ́nítọ̀ tó bo gbogbo sRGB tó fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Èyí tó jù ú lọ fíìfíì, tí kò sì ní ètò tó lè dá a padà, á máa pa irọ́ tó dùn-ún wò: gbogbo pupa á máa jó, gbogbo ojú èèyàn á máa pọ́n.

Ẹ̀bi tó wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ ni ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù. Mọ́nítọ̀ tuntun sábà máa ń ti inú páálí jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ju 250 nit lọ, nítorí pé èyí tó tàn jù ló ń fa ojú oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé, láàárín 80 sí 120 ni wọ́n sábà ń lò nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ẹni tó fi í sílẹ̀ sí 250 á rí àwòrán tó mọ́ kedere, á sì máa bínú pé iṣẹ́ ń jáde dúdú. Yíǹkì kò jẹ̀bi. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí funfun ojú mọ́nítọ̀ sì súnmọ́ funfun bébà.

Oòrùn, iná àti ojú èèyàn

Ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣe yàrá dúdú. Ilẹ̀kùn ṣí sí títì, oòrùn ń wọlé. Ojú tó ń dán á máa fi ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ han ara rẹ̀ bíi dígí. Èyí tí wọ́n fi èèpo tí kì í dán bò dára jù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèpo náà lè mú kí funfun ṣe yẹrẹyẹrẹ bí ó bá nípọn jù. Ohun tó dára ju méjèèjì ni kí ẹ yí tábìlì, kí ilẹ̀kùn wà ní ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe wà níwájú tàbí lẹ́yìn.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ iná tó ń ṣẹ́jú. Láti dín ìmọ́lẹ̀ kù, àwọn mọ́nítọ̀ kan kì í rọ iná ẹ̀yìn wálẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń tàn án tí wọ́n ń pa á kíákíá. Ojú kì í rí i, àmọ́ orí ń fọ́ àwọn kan, ojú sì máa ń ta àwọn mìíràn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ gbé bíírò síwájú ojú funfun tí wọ́n ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, kí ẹ fì í sọ́tùn-ún sósì kíákíá. Bí ẹ bá rí òjìji kan tó ń ṣàn, kò léwu. Bí ẹ bá rí bíírò púpọ̀ tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iná náà ń ṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ ká dá ẹjọ́ kan

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dà bí àsọlùfẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká mú mọ́nítọ̀ kan gbòógì: Dell U2412M, tó jáde ní 2011, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lókè òkun sì lò.

Iyì rẹ̀ rèé. IPS ni. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1920 × 1200, kì í ṣe 1080. Ìlà 120 yẹn kì í ṣe ohun kékeré fún òǹtẹ̀wé: ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 518 mm, ó ga tó 324 mm, nígbà tí ojú ìwé A4 méjì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 420 × 297. Wọ́n wọ inú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n máa fi jáde lórí bébà, àyè sì ṣẹ́ kù fún ohun èlò iṣẹ́. Íǹṣì 24 tó jẹ́ 1080 kò ga ju nǹkan bí 299 mm lọ. Ojú ìwé náà á kún un dé òrùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí a yí mọ́nítọ̀ dúró lóòró.

Àbùkù rẹ̀ rèé. Ìpele 64 tí wọ́n fi ọgbọ́n gbé ga ni àwọ̀ rẹ̀. Títàn-àti-pípa ló fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Èèpo ojú rẹ̀ nípọn, funfun rẹ̀ sì ń ṣe yẹrẹyẹrẹ. Dúdú rẹ̀ kò ju ti IPS yòókù lọ, 1000:1. Kò ní ojú ihò HDMI; DisplayPort, DVI àti VGA ló ní. Ìyára rẹ̀ tó jẹ́ 8 ms kò lè tẹ́ ẹni tó ń ta géèmù lọ́rùn.

Ìdájọ́ ńkọ́? Bí iṣẹ́ bá jẹ́ títo ìwé àti yíya káàdì, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì rẹ̀, ó sàn ju íǹṣì 27 tuntun tó jẹ́ 1920 × 1080, tí wọ́n kọ 144, HDR àti 1 ms sára páálí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fíìmù ni èèyàn fẹ́ máa wò lálẹ́, VA olówó kékeré kan á lù ú. Ẹ ò rí i pé mọ́nítọ̀ kan náà gba ẹjọ́ méjì lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ ló ń dá mọ́nítọ̀ láre.

Ìdánwò kí owó tó kúrò lápò

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń rà ni tòkunbọ̀, èyí tó tún mú kí ìdánwò di dandan. Ẹ gbé fáìlì tiyín dání sínú fláàṣì. Kí ẹ fi àwòrán dúdú patapata kún ojú rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀bù bó bá ṣeé ṣe: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ á hàn. Kí ẹ fi funfun kún un: ibi tó ti pọ́n bí omi ẹ̀kọ ògì bàbà, tàbí tó ṣókùnkùn, á hàn. Kí ẹ fi pupa, aláwọ̀ ewé àti búlúù kún un níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá píksẹ́lì tó kú. Ẹ má retí pé olùpèsè á gba mọ́nítọ̀ padà nítorí ẹyọ kan: ìlànà ISO 13406-2 ti 2001, ní ìpele kejì rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé nígbà náà, fàyè gba 2 tó ń tàn ṣáá àti 2 tó kú nínú mílíọ̀nù kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ìwé Yorùbá tó ní àmì. Ẹ ṣí àwòrán ojú èèyàn tí ẹ ti tẹ̀ rí, kí bébà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ dìde, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wò ó bóyá àwọ̀ dúró. Ẹ fì bíírò. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ ka oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ tó ń tà á fún yín á ní ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkádìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí mọ́nítọ̀ tí kò ní àbùkù, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló bí àbùkù náà. Ohun tó kù sọ́wọ́ wa ni pé kí a yan àbùkù tí kò ní ba iṣẹ́ wa jẹ́. Òǹtẹ̀wé lè fara da dúdú tó dà bí eérú. Kò lè fara da àwọ̀ tó ń yí nígbà tó bá dìde. Òǹkọ̀wé lè fara da àwọ̀ tí kò pé. Kò lè fara da àmì tí kò hàn.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n tó jókòó. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé lé ojú mọ́nítọ̀ láti wọn àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. Kò yẹ kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a nílò rẹ̀. Kí àwọn òǹtẹ̀wé àdúgbò kan dá owó jọ, kí wọ́n ra ọ̀kan, kí ó máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí gbogbo mọ́nítọ̀ tó wà ní títì kan bá ń fi búlúù kan náà hàn ni ìjà àwa àti oníbàárà máa dínkù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí.